Ohun Tó Ṣẹ́kù ní Pópó Àgùdà

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ ń wọkọ̀ ní Orè lọ ná ọjà l'Ékòó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fẹsẹ̀ rìn dé Pópó Àgùdà. Àwọn ọmọ wa tó ti oko ẹrú bọ̀ láti Brazil ló tẹ̀dó síbẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Kátólíìkì. Ìdí nìyí tí a fi ń pe ìjọ náà ní Àgùdà dòní. Ọwọ́ wọn náà ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní 1894.

Ilọ́jọ̀ Bar wà ní Ìta Tinúubú láti 1855. Ìjọba kà á mọ́ ohun àjogúnbá ní 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o lulẹ̀ lóṣù kẹsàn-án 2016. Orúkọ ò ṣeé wó, ṣùgbọ́n ilé ń wó. Ẹ tètè lọ wo èyí tó kù, kí ẹ mú ọmọ dání.