Orúkọ àti Oúnjẹ: Ìtàn Àfòpiná Catocala fraxini

Àwọn àgbà wa ní ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn onímọ̀ nípa kòkòrò pẹ̀lú a máa wo igi tí kòkòrò ń gbé kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, igi tí wọ́n wò kì í ṣe ilé rẹ̀ gan-an. Ìtàn àfòpiná kan ní ilẹ̀ Yúróòpù fi èyí hàn.

Àfòpiná náà ni àwọn Faransé ń pè ní Lichénée bleue. Bí ó bá na ìyẹ́ rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 9 sí 11. Ìyẹ́ iwájú rẹ̀ ní àwọ̀ eérú, ó jọ èèpo igi tí lichen bò. Láti ibẹ̀ ni orúkọ Faransé náà ti wá. Ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, ọ̀já kan tí ó ní àwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́ sì là á kọjá. Ní ọ̀sán, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara igi, a kì í sì í rí aró náà. Bí ẹyẹ bá fẹ́ ṣá a jẹ, a ṣí ìyẹ́ iwájú, aró a yọ lójijì. Kí ẹyẹ tó bọ́ nínú ìyàlẹ́nu, àfòpiná ti lọ.

Ní ọdún 1758, Carl Linnaeus, ọmọ ilẹ̀ Súwídìn, sọ ọ́ ní Phalaena fraxini nínú ẹ̀dà kẹwàá ìwé rẹ̀, Systema Naturae. Ìtumọ̀ fraxini ni «ti igi frêne». Ní 1802, Franz von Paula Schrank, onímọ̀ ará Jámánì, dá ẹ̀yà Catocala sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì ni ó fi ṣe é: «ìsàlẹ̀» àti «ẹlẹ́wà», nítorí pé ìyẹ́ tí ó wà nísàlẹ̀ ni ó ní ẹwà. Nítorí ìyípadà ẹ̀yà yìí ni a fi ń kọ (Linnaeus, 1758) sínú àkámọ́ lẹ́yìn orúkọ náà. Fún ìgbà pípẹ́, ìdílé Noctuidae ni wọ́n kà á mọ́. Ní ọ̀rúndún yìí, àyẹ̀wò ADN gbé e lọ sí ìdílé Erebidae.

Ẹ̀yà yípadà, ìdílé yípadà, ṣùgbọ́n fraxini kò yípadà. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe frêne ni ọmọ rẹ̀ ń jẹ jù lọ. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni a ń bá a lórí igi yẹn. Ewé tremble àti ti peuplier ni oúnjẹ rẹ̀ gan-an. Ara èèpo igi ni ìyá ń yé ẹyin sí. Ẹyin náà ni ó ń la ìgbà òtútù já, kí ó tó pa nígbà tí ewé bá tún rú. Òfin ìsọlórúkọ kò sì gbà kí á sọ orúkọ àkọ́kọ́ nù nítorí pé kò bá ohun tí ó ń jẹ́ ẹ mu.

Ewu wà níbẹ̀. Ní gúúsù ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àfòpiná yìí ń bímọ nínú igbó Kent títí di àwọn ọdún 1960. Wọ́n gé tremble, wọ́n fi igi pákó rọ́pò rẹ̀, àfòpiná sì pòórá níbẹ̀. Ní ọ̀rúndún yìí ni ó tó padà sí gúúsù ilẹ̀ náà. Ẹni tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ nìkan yóò dá frêne sí, yóò sì gé igi tí ó ń bọ́ ọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, bí ẹ bá ń gba orúkọ kòkòrò ilẹ̀ wa sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, ẹ má ṣe dúró sórí orúkọ. Ẹ kọ igi tí ẹ ti bá a, ewé tí ó ń jẹ, àti oṣù tí ẹ rí i. Orúkọ ni a fi ń pe nǹkan. Ojú ni a fi ń mọ̀ ọ́n.