Níbo ló yẹ kí ìbejì jòjòló máa sùn? Ìtọ́ni fún àwọn òbí ní Dutsen Kura àti gbogbo Minna

Ìbejì kò jìnnà sí Yorùbá. Nígbà tí Dókítà Nylander ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwádìí ní Ìgbó-Ọrà láàrin ọdún 1960 sí 1980, ó rí i pé nínú 1,000 ìbímọ, nǹkan bí 45 ló jẹ́ ti ìbejì. Káàkiri ayé lónìí, nǹkan bí 12 péré ni. Ibi yòówù tí a bá ṣí lọ, Táíwò àti Kẹ́hìndé á bá wa débẹ̀, Dutsen Kura náà ò sì gbẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n àwọn baba wa mọ ìdí tí wọ́n fi ń gbẹ́ ère ìbejì. Àwọn ère tó wà nílé ọnà ní London àti Amẹ́ríkà lónìí, ọmọ tó kú ni wọ́n gbẹ́ wọn fún. Ìbejì sábà máa ń kéré, wọ́n sì máa ń dé kí oṣù tó pé. Ohun tí ọmọ tó tóbi lè mú mọ́ra lè ṣe wọ́n léṣe.

Tó bá jẹ́ nílé ni, ìyá àgbà á ti dé láti wá wẹ ọmọ, ojú mẹ́rin á máa ṣọ́ wọn lóru. Ní ìdálẹ̀ níbí, ìyá àgbà wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀ffà. Yàrá kan ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé, bẹ́ẹ̀dì kan ló wà nínú rẹ̀, ó sì ti rẹ ìyá ọmọ tẹnutẹnu. Ìdí nìyí tí a fi kó ìtọ́ni yìí jọ. Ọ̀rọ̀ kan ló wà ní ìdí rẹ̀: kí ìbejì wà ní yàrá kan náà pẹ̀lú ìyá wọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n ní ibùsùn tiwọn lọ́tọ̀.

Kí ló máa ń ṣe ọmọ lójú oorun?

Ọ̀nà méjì ni. Àkọ́kọ́ ni kí èémí ọmọ dí. Àgbàlagbà lè sùn lé e, ojú rẹ̀ lè rì sínú fóòmù tó rọ̀, pílò lè bò ó nímú, ó sì lè há sáàárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri. Ọmọ oṣù kan kò lágbára láti ti aṣọ kúrò lójú ara rẹ̀. Kì í sì í pariwo, nítorí náà ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè má mọ̀.

Ìkejì ni ohun tí àwọn dókítà ń pè ní ikú òjijì ọmọ jòjòló. Ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣáká sùn, kò jí mọ́, àyẹ̀wò ò sì rí ìdí kankan. Àwọn kan nínú wa á ní àbíkú ni, tàbí pé ayé ló ṣe é. Àmọ́ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kéde fún àwọn ìyá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1991 pé kí wọ́n máa fi ẹ̀yìn ọmọ lélẹ̀, tí Amẹ́ríkà náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1994, irú ikú yìí dín kù ju ìdajì lọ níbẹ̀. Bí a ṣe ń tẹ́ ọmọ sùn ṣe pàtàkì gan-an nìyẹn.

Òfin márùn-ún tí kì í yí padà

1. Ẹ fi ẹ̀yìn ọmọ lélẹ̀ kí ojú rẹ̀ máa wo òkè, lọ́sàn-án àti lóru. Ẹ má dà á dé, ẹ má fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀.
2. Kí ibùsùn tẹ́jú, kí ó sì le. Àwa ọlọ́jà mọ bí a ṣe ń dán fóòmù wò: ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́. Tí ojú ibẹ̀ bá ṣì jin lẹ́yìn tí ẹ gbọ́wọ́ kúrò, kì í ṣe ti ọmọ.
3. Kí ibùsùn ṣófo. Kò sí pílò, kò sí bùláńkẹ́ẹ̀tì fúlẹ́fúlẹ́, kò sí bèbí, kò sí aṣọ tí a ká yí ọmọ ká. Ẹ bọ́ nylon tí fóòmù bá dé láti ọjà. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń fi sílẹ̀ kí ìtọ̀ má baà wọlé, àmọ́ nylon tó bá ṣí lè lẹ̀ mọ́ ọmọ nímú.
4. Kí ọwọ́ ìyá lè tó wọn láti orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Kí wọ́n wà ní yàrá òbí fún oṣù mẹ́fà, ó kéré tán.
5. Kí èéfín má dé ibẹ̀ rárá, ì báà jẹ́ ti sìgá, ti èédú tàbí ti jẹnẹrétọ̀.

Èwo ni kí á rà, èwo ni kí á fi sílẹ̀?

*Bẹ́ẹ̀dì ọmọ tí káfíńtà kàn.* Èyí ló dára jù nínú ohun tí apá wa ká, torí káfíńtà ò wọ́n ní Minna. Ẹ fún un ní ìwọ̀n yìí: àlàfo àárín igi kan sí èkejì kò gbọ́dọ̀ ju 6 sẹ̀ǹtímítà lọ. Tí agolo Coke bá lè gba àárín igi kọjá, ó ti fẹ̀ jù, torí ara ọmọ lè yọ́ gba ibẹ̀ kí orí rẹ̀ há. Láti ojú fóòmù dé òkè igi, kí ó tó 50 sẹ̀ǹtímítà, kí ọmọ má baà ré bọ́ nígbà tó bá dàgbà díẹ̀. Kí fóòmù kún inú rẹ̀ dáadáa: tí ìka ọwọ́ ju méjì bá wọ àárín fóòmù àti igi, ẹ gé òmíràn. Kí ìṣó kankan má yọrí.

*Bẹ́ẹ̀dì ọmọ tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ṣí, tí a so mọ́ ti ìyá.* Ó rọrùn fún fífún ọmọ lọ́mú lóru. Ṣùgbọ́n fóòmù méjèèjì gbọ́dọ̀ ga bákan náà, kí a so wọ́n pinpin débi pé kò ní sí àlàfo rárá. Ẹ má fi aṣọ dí àlàfo o, inú ibẹ̀ gan-an ni ọmọ máa ń há sí. Tí bẹ́ẹ̀dì yín bá fara ti ògiri, ẹ to ti Táíwò àti ti Kẹ́hìndé tẹ̀lé ara wọn ní ẹ̀gbẹ́ kan tó ṣí.

*Bẹ́ẹ̀dì kékeré alágbèéká tó ní nẹ́ẹ̀tì.* Òun ló pọ̀ jù lọ́jà. Pílò tí wọ́n ń tà mọ́ ọn, ẹ yọ ọ́. Ọmọ kan ṣoṣo ni kó wà nínú ọ̀kan. Ẹ má gbé e sí etí bẹ́ẹ̀dì tàbí orí tábìlì, kó má baà ré lulẹ̀.

*Orí ilẹ̀.* Ẹni tí kò lówó bẹ́ẹ̀dì ọmọ kò jẹ̀bi. Fóòmù tín-ínrín tó le, lórí ẹní tó mọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ìyá ń sùn, sàn ju orí bẹ́ẹ̀dì àgbàlagbà lọ. Kí ó jìnnà sí ògiri àti sí ibi tí ẹsẹ̀ ń gbà. Àdúgbò olókùúta ni tiwa, àkeekèé àti èèrà máa ń wọlé, nítorí náà ẹ gbọn ẹní lálaalẹ́, kí ẹ sì ki etí nẹ́ẹ̀tì sábẹ́ fóòmù yíká.

*Kúṣìn àti àga.* Rárá. Kò sí ibi tó léwu tó kúṣìn tí ìyá tàbí bàbá sùn lọ lé pẹ̀lú ọmọ láyà.

*Ìjókòó ọmọ tó dagun.* Ọmọ tó sùn sínú rẹ̀ lè tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà, kí ọ̀nà èémí dí. Lọ́dún 2019 ni ilé iṣẹ́ Fisher-Price kó Rock 'n Play rẹ̀ kúrò lọ́jà lẹ́yìn tí ọmọ kú nínú rẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà ọdún 2022 sì ti fòfin de títa ibùsùn ọmọ tó dagun. Irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lè máa bá tòkunbọ̀ wọlé. Ẹ má rà á.

Ṣé kí àwọn méjèèjì sùn pọ̀?

Ìbéèrè tí gbogbo ìyá ìbejì ń bi wá nìyí, torí ìgbàgbọ́ wa ni pé a kì í ya ẹ̀jìrẹ́. Ẹnu àwọn dókítà ò kò lórí rẹ̀. Àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ní kí kálukú ní ibùsùn tirẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ẹgbẹ́ Twins Trust ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní wọ́n lè jọ wà nínú bẹ́ẹ̀dì ọmọ kan tó fẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí wọn ò tíì lè yí ara wọn padà.

Tí owó bá wà, ẹ ra méjì. Tó bá jẹ́ ọ̀kan ló wà, ẹ tẹ́ àwọn méjèèjì lórí ẹ̀yìn wọn, kí ẹsẹ̀ ọ̀kan kan igi apá kan, kí ẹsẹ̀ èkejì kan igi apá kejì, kí orí wọn wà láàárín, kó má kan ara. Ẹ má fi tọ́wẹ̀lì dínà sáàárín wọn. Ọjọ́ tí ọ̀kan bá ti bẹ̀rẹ̀ sí yí ara rẹ̀ ni kí ẹ yà wọ́n. Ó lè jẹ́ oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Orí bẹ́ẹ̀dì òbí ńkọ́? Fún ìbejì, ẹ jọ̀wọ́, rárá. Ewu rẹ̀ tún le sí i tí oṣù wọn kò bá pé, tí ìwọ̀n wọn kò bá tó kílò 2.5, tàbí tí òbí bá mu ọtí, sìgá tàbí oògùn tó ń kun ènìyàn lóorun. Kí ẹ̀gbọ́n wọn kékeré náà má bá wọn sùn.

Ooru, ọyẹ́ àti ẹ̀fọn

Ooru Minna ní oṣù kẹta àti ìkẹrin, ẹ mọ̀ ọ́n. Ara ọmọ tó bá gbóná jù léwu lójú oorun. Aṣọ fẹ́lẹ́ tó. Ẹ ṣí fèrèsé tó ní nẹ́ẹ̀tì, ẹ tan fáànù, àmọ́ kó má dojú kọ wọ́n tààrà. Ẹ fọwọ́ kan àyà tàbí ẹ̀yìn ọrùn wọn: tó bá ń làágùn, ẹ bọ́ aṣọ kan. Nígbà ọyẹ́, aṣọ tó bo ọwọ́ àti ẹsẹ̀ sàn ju bùláńkẹ́ẹ̀tì lọ. Ẹ má gbé ìkòkò èédú wọ yàrá láé, ẹ má sì gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́bàá fèrèsé nígbà tí NEPA bá mú iná lọ. Èéfín olóró inú wọn kò ní òórùn, ó sì lè pa gbogbo ilé lóru ọjọ́ kan.

Nẹ́ẹ̀tì olóògùn pọn dandan torí ibà. Ẹ sá tuntun síbi tí oòrùn kò dé fún ọjọ́ kan kí ẹ tó lò ó. Ẹ na án le, kó má baà wó bo ojú wọn.

Ohun tí àwọn ìyá wa ń sọ

*"Tó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, wàrà á pa á lórí."* Kò rí bẹ́ẹ̀, Màmá. Tí ọmọ bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ọ̀nà èémí wà lókè ọ̀nà oúnjẹ, wàrà tó bá gòkè á tún padà sísàlẹ̀. Ìgbà tó bá dojúdé ni ọ̀nà èémí wà nísàlẹ̀.

*"Orí rẹ̀ á rí pẹlẹbẹ."* Ẹ dà á dé nígbà tí ojú rẹ̀ bá là, kí ẹ jókòó tì í. Ìyẹn á tún mú ọrùn rẹ̀ le.

*"Bíbélì, tírà tàbí ọ̀bẹ ńkọ́ lábẹ́ orí rẹ̀?"* Ẹ gbé Bíbélì àti tírà sórí fèrèsé tàbí ẹ kọ́ ọ sára ògiri. Ààbò Ọlọ́run á dé ọ̀dọ̀ wọn láti ibẹ̀. Ọ̀bẹ kò ní iṣẹ́ níbi tí ọmọ wà.

Ẹ kíyè sí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ pàápàá. Àlejò á máa ju gèlè, báàgì àti agbádá sórí bẹ́ẹ̀dì tí ọmọ ń sùn sí. Ẹ yan ẹnì kan tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó jókòó ti ìbejì lọ.

Tí wọ́n bá kéré gan-an

Ní Bogotá, ní Colombia, lọ́dún 1978, ẹ̀rọ tó ń mú ọmọ móoru kò tó, ni Dókítà Edgar Rey bá ní kí àwọn ìyá máa gbé ọmọ sáyà, ara kan ara. Lọ́dún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a ṣe é fún ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé tàbí tí kò tó kílò 2.5, láti wákàtí 8 sí 24 lójúmọ́. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì kọ́ yín kí ẹ tó kúrò nílé ìwòsàn, ì báà jẹ́ General Hospital tàbí ilé ìwòsàn Jummai Babangida Aliyu. Bàbá náà lè ṣe é. Kí ẹni tó gbé wọn fẹ̀yìn tì, kí ojú rẹ̀ là. Tí oorun bá ń gbé e, kó gbé wọn fún ẹlòmíràn, tàbí kó tẹ́ wọn sí ibùsùn wọn.

Ọmọ tí kò mu ọyàn mọ́, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí ara rẹ̀ tutù tàbí gbóná, tàbí tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lóru náà. Ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́.

Iṣẹ́ ẹgbẹ́

Oorun ló sábà máa ń ṣẹ́gun ìyá ìbejì. Ẹni tó ń fún ọmọ méjì lọ́mú lóru kò lè máa fi gbogbo òru ṣọ́nà. Kí bàbá jí, kó gbà wọ́n lẹ́yìn ọmú, kó tẹ́ wọn padà. Kí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ pín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ láàrin ara wọn, kí ẹnì kan máa wá lọ́sàn-án kí ìyá lè sùn.

Ẹgbẹ́ wa ní àga àti kánópì tí a ń yá ara wa fún ìnáwó. Ó yẹ ká ní bẹ́ẹ̀dì ọmọ méjì pẹ̀lú, tí ìyá ìbejì á gbà lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, tí á sì dá padà nígbà tí àwọn ọmọ bá dàgbà tó, kí ẹlòmíràn lè gbà á. Ẹ jẹ́ ká gbé e síwájú ìpàdé tó ń bọ̀. Olúwa á wo Táíwò àti Kẹ́hìndé wa dàgbà o.