Yankari, Pendjari tàbí Mole: Kí ló sọ igbó ẹranko kan di ibi ìgbafẹ́, tó sọ òmíràn di ibi ẹ̀rù?

Ẹni tó bá ń wá ibi tí yóò ti rí erin nínú igbó kò ní pẹ́ tó fi máa gbọ́ orúkọ Kenya. Àmọ́ láàárín ọdún 1954 sí 1962, Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà náà ya igbó ńláńlá sọ́tọ̀ fún ẹranko: Niokolo-Koba ní Senegal, Pendjari ní Dahomey tó di Benin lónìí, igbó W níbi tí Niger, Dahomey àti Upper Volta ti pààlà, Mole ní Ghana, àti Yankari ní Bauchi.

Bí ọjọ́ orí wọn ṣe súnmọ́ra tó nìyẹn. Ohun tójú wọn rí kò jọra rárá.

Ọ̀nà Mẹ́kà ni Yankari gbà wá

Ìtàn sọ pé Muhammadu Ngeleruma, tó jẹ́ mínísítà fétò ọ̀gbìn ní ìjọba Àríwá Nàìjíríà, rí igbó ẹranko kan ní Sudan nígbà tó ń lọ sí Mẹ́kà. Ohun tó rí wú u lórí, ó sì wà lára àwọn tó ń rọ ìjọba pé kí Àríwá ní tirẹ̀.

Ìjọba fọwọ́ sí i lọ́dún 1956. Lọ́jọ́ kìíní, oṣù Kejìlá, ọdún 1962, wọ́n ṣí Yankari fún aráàlú.

Ilẹ̀ náà fẹ̀ tó 2,244 kìlómítà onígun mẹ́rin, kì í sì í ṣe pé èèyàn kò gbé ibẹ̀ rí. Ihò àpáta 59 tí àwọn ará àtijọ́ gbẹ́, tí wọ́n sì fi ṣe ilé, ṣì wà níbẹ̀. Ìsun omi Wikki ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ tọ̀sán tòru, àwọn ìnàkí tó yí i ká sì mọ bí wọ́n ṣe ń jí oúnjẹ àlejò gan-an.

Lọ́dún 1991, ìjọba àpapọ̀ gba igbó náà. Lọ́dún 2006, ó padà sọ́wọ́ ìpínlẹ̀ Bauchi. Àwọn tó ń pa erin nítorí eyín rẹ̀ kò dúró de ẹni tí yóò jẹ́ alábòójútó. Lọ́dún 2014, Bauchi àti àjọ Wildlife Conservation Society fọwọ́ sí àdéhùn láti jọ máa ṣọ́ ọ. Lónìí, Yankari ni agbo erin tó pọ̀ jù lọ ní Nàìjíríà wà. Kìnnìún ibẹ̀ kò tó nǹkan mọ́.

Pendjari, ibi tó yẹ kó jẹ́ ìdáhùn

Ẹni tó bá fẹ́ rí kìnnìún láì dé Ìlà Oòrùn Áfíríkà, Pendjari ló yẹ kó lọ. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2014 sọ pé kìnnìún tó ṣẹ́kù ní gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kò ju nǹkan bíi 400 lọ, àti pé nínú mẹ́wàá, nǹkan bíi mẹ́sàn-án ló wà nínú igbó W, Arly àti Pendjari tó so kọ́ra. Lọ́dún 2017, Benin gbé Pendjari lé àjọ African Parks lọ́wọ́, àlejò sì ń wá.

Nínú oṣù Karùn-ún ọdún 2019, àwọn agbébọn jí ọmọ Faransé méjì tó wá ṣe ìgbafẹ́ gbé níbẹ̀, wọ́n sì pa ọmọ Benin tó ń mú wọn káàkiri. Sójà Faransé méjì kú níbi tí wọ́n ti lọ gba àwọn tí wọ́n jí gbé sílẹ̀ ní Burkina Faso. Nínú oṣù Kejì ọdún 2022, wọ́n kọlu àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ní W, ẹ̀mí sì bọ́.

Ibi tó jìnnà sí ìlú ńlá, ní ẹnu ààlà, làwọn ìjọba amúnisìn ya àwọn igbó wọ̀nyí sí. Ìyẹn dára fún kìnnìún tí kò mọ ààlà. Ó dára fún agbébọn náà. Ẹni tó jẹ gbèsè rẹ̀ ni awakọ̀, amọ̀nà àti onílé ìtura ní Tanguiéta, ìlú tó wà lẹ́nu igbó náà.

Níbo ló kù?

Yankari kò sí lẹ́nu ààlà, àmọ́ ìjọba ìbílẹ̀ Alkaleri tó wà nínú rẹ̀ náà ti rí ìkọlù àwọn agbébọn láwọn ọdún àìpẹ́ yìí. Ó yẹ kéèyàn béèrè bí nǹkan ṣe rí lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó igbó náà kó tó gbéra.

Mole ló fọkàn ẹni balẹ̀ jù lọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta báyìí. Wọ́n yà á sọ́tọ̀ lọ́dún 1958, ó di ọgbà orílẹ̀-èdè lọ́dún 1971. Ẹsẹ̀ lèèyàn lè fi rìn tẹ̀lé erin níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ tó gbé ìbọn dání. Ẹni tó bá ti fi dandan lé kìnnìún ni ibẹ̀ lè já kulẹ̀.

Ibi yòówù kéèyàn yàn, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kó lọ. Nígbà òjò, koríko á ga, omi á wà níbi gbogbo, erin á fọ́n ká. Nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, odò Gaji ni omi máa ń ṣẹ́kù sí ní Yankari, gbogbo wọn á sì wá mu ún.