Ta Ni Ó Ń Wo Ọmọ ní Òru? Ìtàn Ilé-Ìgbé Akẹ́kọ̀ọ́ láti Èkó dé Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò lónìí kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé gírámà rí. Níbo ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa sùn? Ṣé ní ilé-ìgbé tí ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ń bójú tó ni, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí bọ́dìn? Ṣé ní ilé òbí rẹ̀ ni, kí ó máa ti ibẹ̀ lọ ní òwúrọ̀? Ṣé ní ọ̀dọ̀ ẹbí tàbí alágbàtọ́ ni? Àbí nínú yàrá tí òbí fi owó gbà fún un nínú ìlú tí ilé-ìwé wà?

Ayépé, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ni wọ́n bí mi sí. Ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo kà sílẹ̀ yìí ni mo fi ojú ara mi rí láàrin àwọn ọmọ àdúgbò wa. Kí a tó la ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ìjíròrò, n ó kọ́kọ́ sọ ìtàn bí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ ibi tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa á kò lè mọ ibi tí ó ti dá.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú kan ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó. Kí òyìnbó tó dé ni a ti ń rán ọmọ kúrò nílé kí ó lè gbọ́n. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ Ifá a máa lọ gbé lọ́dọ̀ babaláwo. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ a máa sùn ní ilé ọ̀gá rẹ̀. Ọmọ mìíràn a sì lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ gbé, kí ìkẹ́jù ìyá má baà bà á jẹ́. Nítorí náà, kì í ṣe kíkúrò nílé ni ó ṣe àjèjì sí wa nínú ọ̀rọ̀ bọ́dìn. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni pé kí a kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ ara wọn jọ sínú yàrá kan, kí agogo máa jí wọn, kí agogo máa darí wọn, kí àgbàlagbà tí ń bẹ láàrin wọn sì má ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ.

Àwọn òjíṣẹ́ ìjọ Kristi ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ilé tiwọn gan-an ni ilé-ìgbé. Ní 1853 ni David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ wá tẹ̀dó sí Kúdẹ̀tì ní Ìbàdàn. Olóyè Olúnlóyọ̀ fún wọn ní ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, kí wọ́n kọ́ ọ ní ìwé. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ mìíràn fi kún inú ilé náà, tí Anna ń ṣe ìyá fún wọn. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà tí ó gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú lọ sí etí òkun dí, oúnjẹ wọ́n, owó kò sì wọlé mọ́. Tọkọtìyàwó náà ń tà nínú ẹrù ilé wọn kí àwọn ọmọ lè rí jẹ. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn: ebi tí ń pa ọmọ ní Kúdẹ̀tì nígbà náà, ó ń pa ẹni tí ń tọ́ ọ pẹ̀lú.

Ní Èkó, ní ọjọ́ 6 oṣù Òkúdù 1859, Thomas Babington Macaulay, tí í ṣe ọkọ ọmọ Àjàyí Crowther, ṣí CMS Grammar School. Òun ni ilé-ìwé gírámà àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Ọmọ mẹ́fà péré ni ó fi bẹ̀rẹ̀, inú ilé kékeré kan tí kò ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Broad Street, tí wọ́n ń pè ní Cotton House, sì ni àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń gbé. Èyí fi hàn pé ilé-ìgbé kọ́ ni a fi kún ilé-ìwé gírámà nígbà tí ó yá. Inú ilé-ìgbé gan-an ni a bí ilé-ìwé gírámà sí. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí pẹ̀lú ti àwọn obìnrin: ilé-ìwé tí CMS dá sílẹ̀ fún wọn ní Èkó ní 1869 ni ó ṣí lọ sí Ìbàdàn ní 1950, tí ó sì di St Anne's.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ní tirẹ̀ kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run. Lẹ́yìn ogun Ìmagbọn ní oṣù Èbìbì 1892, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ṣẹ́gun wa, ni ilẹ̀kùn náà ṣí. Ẹni tí ó pẹ́ dé sì fi eré bá ẹni tí ó ti lọ. Ní 1913, ọdún mọ́kànlélógún péré lẹ́yìn ogun náà, a ti dá Ijebu-Ode Grammar School sílẹ̀. Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti ni ọ̀gá ibẹ̀ títí di 1932, kí ó tó lọ ṣe ọ̀gá Abeokuta Grammar School. Ní àkókò tirẹ̀, inú ọgbà ilé-ìwé ni ọ̀gá àti ìdílé rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí ó bá ka Aké, ìwé tí Wọlé Ṣóyínká tẹ̀ jáde ní 1981, yóò rí àwòrán ọ̀gá náà nínú ọgbà Abẹ́òkúta: pàṣán ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà tí kò mọ̀.

Irú ilé-ìgbé kejì ni èyí tí ìjọba amúnisìn gbé kalẹ̀. Ní 1929 ni wọ́n dá Government College sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Wọ́n pín àwọn ọmọ sí oríṣiríṣi ilé, wọ́n sì sọ àwọn ilé náà ní orúkọ: Grier, Swanston, Carr, Field àti Powell. Ilé kọ̀ọ̀kan ní olùkọ́ tí ń ṣe olórí rẹ̀, ó sì ní àwọn ọmọ àgbà tí a fún ní àṣẹ lórí àwọn kékeré, àwọn tí à ń pè ní pirifẹ́ẹ̀tì. Ètò yìí ti wà tipẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Thomas Arnold, tí ó ṣe ọ̀gá ilé-ìwé Rugby láti 1828 títí ó fi kú ní 1842, ni òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ nínú àwọn tí ó gbé ìṣàkóso ilé-ìgbé lé àwọn ọmọ àgbà lọ́wọ́. Ètò náà ní ẹwà tirẹ̀. Ó ń kọ́ ọmọ láti pàṣẹ, ó sì ń kọ́ ọ láti gba àṣẹ. Ìfẹ́ tí àwọn ọmọ ilé kan ní sí ara wọn kì í kú bọ̀rọ̀. Ó dàbí ti rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń wọ aṣọ kan náà lọ sí Ojúde Ọba. Ṣùgbọ́n ó ní ewu pẹ̀lú. Nígbà tí àgbàlagbà bá gbé ojú rẹ̀ fún ọmọdé láti fi bá a wo ọmọdé, bí ó bá gbàgbé láti padà wá gba ojú náà, ìyà ni yóò jẹ́ ti ẹni tí ó kéré jù.

Irú kẹta ni ti Táí Ṣólàrìn. Ó ti ṣe ọ̀gá Mólúsì Kọ́lẹ́jì ní Ìjẹ̀bú-Igbó kí ó tó dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1956. Níbẹ̀, kì í ṣe pé ọmọ kàn ń sùn sí ilé-ìgbé nìkan. Ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú kíkọ́ rẹ̀. Wọ́n ń dáko, wọ́n ń sin ẹran, wọ́n ń gbé búlọ́ọ̀kù. Àwọn òbí kan kọminú pé ìwé ni àwọn rán ọmọ lọ kọ́, kì í ṣe iṣẹ́ lébìrà. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tí ó ń ran ọmọ ní iṣẹ́ náà kì í fi ọwọ́ lẹ́rán. Ṣòkòtò péńpé rẹ̀ ni ó fi ń bá wọn jáde.

Àwọn ilé-ìwé wọ̀nyí lókìkí, a sì ń kọ ìtàn wọn. Ẹni tí a kì í kọ ìtàn rẹ̀ ni ọmọ tí kò sí nínú bọ́dìn, tí kò sì lè máa ti ilé lọ. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1955 ni ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ náà parí ìwé mẹ́fà, ogunlọ́gọ̀ wọn ń wá gírámà kiri. Owó ilé-ìwé ń bẹ láti san. Owó oúnjẹ àti ti ibùsùn bọ́dìn tún wà lórí rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó bá rí ti àkọ́kọ́ san kì í sábà rí ti ìkejì. Nítorí náà ni ó ṣe ń gba yàrá fún ọmọ rẹ̀ nínú ìlú. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá yóò máa dá iná, yóò máa pọn omi, yóò máa fi láńtánì kàwé. Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ yóò fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé, ní ọjọ́ Àìkú yóò ru gàrí àti ẹ̀lùbọ́ padà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ti irú yàrá bẹ́ẹ̀ jáde ni ó di olùkọ́ tí ó kọ́ wa.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Ọ̀wàrà 1979, ìjọba tuntun gorí àlééfà. Olóyè Bísí Ọnàbánjọ, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, di gómìnà Ìpínlẹ̀ Ògùn. Bí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣèlérí, ẹ̀kọ́ gírámà di ọ̀fẹ́. Ilé-ìwé sì ń hù ní ìletò bí olú, kí ọmọ lè máa ti ilé rẹ̀ lọ. Owó tí a ìbá fi ra bẹ́ẹ̀dì ni a fi kọ́ kíláàsì. Díẹ̀díẹ̀ ni bọ́dìn kógbá sílé ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ìjọba ìpínlẹ̀. Àwọn kan ń dárò rẹ̀ títí di òní, wọ́n ní ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ti bàjẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò bá wọn dárò tán. Ọmọ tí ó rí bẹ́ẹ̀dì sùn ṣáájú 1979 kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tí kò rí ilẹ̀kùn gírámà wọ̀. Ẹ̀bi tí mo rí níbẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: nígbà tí a ti ilé-ìgbé, a kò fi ohunkóhun rọ́pò ojú tí ó ń wo ọmọ lẹ́yìn tí agogo ìparí bá ti lù.

Ní ìtòsí Ayépé wa, ìyàtọ̀ náà hàn gbangba. Federal Government College ń bẹ ní Odògbólú, ọ̀kan nínú irú àwọn ilé-ìwé tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá sílẹ̀ láti 1966, kí ọmọ Hausa, ọmọ Igbo àti ọmọ Yorùbá lè jọ sùn, jọ jí. Ọmọ tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá ní bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀. Ọmọ àdúgbò a máa fi ẹsẹ̀ gba iwájú ọgbà náà kọjá lọ sí ilé-ìwé àtilé-wá tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú èmi náà rí. Lẹ́yìn 1990 ni mo wọ ilé-ìgbé ní ilé-ìwé kan tí n kò ní dárúkọ. A lé ní ọgọ́ta nínú yàrá kan. Olùkọ́ tí ń ṣe olórí ilé wa kò gbé inú ọgbà mọ́, nítorí pé ilé tí a kọ́ fún un ti ń jò. Ní òru ọjọ́ kan, ibà kọ lù mí. Mo pe ọmọ àgbà tí ó wà nítòsí mi, ó ní kí n jẹ́ kí òun sùn. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n lọ sí kíláàsì, kò sí ẹni tí ó kà wá. Ọ̀sán ni ìyá tí ń gbá ọgbà tó bá mi ní ilẹ̀. Ní ọdún kan náà, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń gbé yàrá àfowógbà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Òun náà ṣàìsàn. Ìyá onílé ni kò gbúròó ìgbálẹ̀ rẹ̀ ní àárọ̀. Ó kan ilẹ̀kùn, ó sì gbé e lọ sí ọsibítù kí oòrùn tó yọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé bẹ́ẹ̀dì kọ́ ní í wo ọmọ; odi ọgbà kọ́ sì ni.

Lónìí, bọ́dìn ti padà dé, pàápàá ní ilé-ìwé aládàáni, ó sì gbówó lórí. Ewu tí àwọn bàbá wa kò mọ̀ sì ti wọ inú rẹ̀. Ní oṣù Igbe 2014 ni wọ́n kó ọmọbìnrin 276 lọ ní Chibok. Kí a má sì ṣe rò pé Òkè Ọya nìkan ni: ní oṣù Èbìbì 2017, wọ́n jí ọmọkùnrin mẹ́fà gbé ní ilé-ìwé kan ní Ìgbónlá, ní ẹ̀bá Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì lò ju oṣù méjì lọ ní ìgbèkùn. Ẹ̀pẹ́ kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń bọ̀ wá di olùkọ́, bí òbí bá bi yín pé èwo ni ó sàn jù nínú bọ́dìn, ilé òbí, ilé ẹbí àti yàrá àfowógbà, ẹ má ṣe yára dáhùn. Ẹ ní kí ó lọ béèrè nǹkan mẹ́ta. Èkíní, àgbàlagbà mélòó ni ó ń sùn nínú ọgbà náà ní òru, ọmọ mélòó ni ó sì kan ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn? Èkejì, àṣẹ wo ni ọmọ àgbà ní lórí ọmọ kékeré, ta sì ni ó ń yẹ àṣẹ náà wò? Ẹ̀kẹta, bí ọmọ kan kò bá jí dáadáa ní òwúrọ̀, ta ni yóò kọ́kọ́ mọ̀? Ibikíbi tí ìdáhùn bá ti dára ni ilé-ìgbé tòótọ́ wà, ì báà jẹ́ ọgbà olówó gegere, ì báà jẹ́ yàrá kan ní ẹ̀yìnkùlé ìyá onílé.

Igba ojú ni àwọn àgbà wí. Wọn kò sọ pé igba bẹ́ẹ̀dì.

Ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ dé nìyí kí a tó jọ jíròrò.