Ohun Tí Ojú Ayaba Kò Sọ: Àwòrán Ààfin Méjì, 1787 àti 1789

Àwọn tó ń kọ̀wé nípa àwòrán ààfin sábà máa ń sọ pé ayàwòrán tó mọṣẹ́ a fi ọlá ayaba hàn lára aṣọ, a sì fi ọkàn rẹ̀ hàn lójú. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú àwòrán tí ààfin fowó ṣe, ọlá ló ń pàṣẹ fún ọkàn: ìwọ̀n ìbànújẹ́ tó lè ṣe ìtẹ́ láǹfààní nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kó yọjú. Yorùbá tilẹ̀ fi ìlẹ̀kẹ̀ bo ojú ọba. Ààfin Yúróòpù ṣí i sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀.

Ọ̀ràn Marie Antoinette, ayaba ilẹ̀ Faransé, fi èyí hàn kedere. Lọ́dún 1783, ayàwòrán Élisabeth Vigée Le Brun gbé àwòrán ayaba náà wá síbi àfihàn Salon ní Paris. Aṣọ funfun fẹ́lẹ́ ni ayaba wọ̀, ó dé akẹtẹ̀, kò sí ohun ọ̀ṣọ́ kankan lọ́rùn rẹ̀. Ariwo sọ: wọ́n ní àwọ̀tẹ́lẹ̀ ni ayaba wọ̀ jáde. Kíá ni wọ́n gbé e kúrò, tí òmíràn tí ayaba ti wọ sẹ́dà sì rọ́pò rẹ̀.

Ní 1785, ọ̀ràn ẹ̀gbà ọrùn dáyámọ́ńdì bẹ́ sílẹ̀. Àwọn gbájúẹ̀ ló fi orúkọ ayaba lu jìbìtì. Òun kò mọwọ́ mẹsẹ̀, síbẹ̀ òun ni ìlú ń bú. Àwòrán ńlá tí Vigée Le Brun parí ní 1787, tó wà ní Versailles dòní, ni èsì ààfin. Ayaba jókòó nínú aṣọ àrán pupa. Marie-Thérèse, ọmọbìnrin rẹ̀, fara tì í, ọmọkùnrin kékeré wà lórí itan rẹ̀, Louis Joseph tó jẹ́ àrólé sì ń nawọ́ sí ibùsùn ọmọ ọwọ́ tó ṣófo. Sophie, ọmọ ayaba tó ni ibùsùn náà, kú ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, kó tó pé ọmọ ọdún kan. Àpótí ohun ọ̀ṣọ́ wà lẹ́yìn wọn nínú òkùnkùn, bí ẹni ń rántí Cornelia ará Róòmù, tí wọ́n bi nípa ọ̀ṣọ́ rẹ̀, tó sì na ọwọ́ sí àwọn ọmọ rẹ̀. Ọmọ laṣọ, ká sọ ọ́ bí Yorùbá.

Ẹ wá wo ojú ayaba: ó jọ̀lọ̀, kò sí omijé. Ibùsùn ló ń bá a sunkún, ọmọ ọdún 5 ló sì ń tọ́ka sí i. Mi ò sọ pé ayaba kò ṣọ̀fọ̀. Ọ̀fọ̀ náà jẹ́ òótọ́. Wọ́n kàn sọ ọ́ di ẹlẹ́rìí nínú ẹjọ́ orúkọ rere ni. Vigée Le Brun kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé lẹ́yìn tí Louis Joseph náà kú ní 1789, ayaba kò lè kọjá níwájú àwòrán yìí láìsunkún, ó sì ní kí wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀. Ẹkún yẹn kò sí nínú iṣẹ́ tí ààfin bẹ̀.

Ọdún 1789 yìí kan náà ni Thomas Lawrence, ayàwòrán ọmọ ọdún 20, ya Charlotte, ayaba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Windsor. Ọba George Kẹta, ọkọ rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ àìsàn tó da orí rẹ̀ rú. Ọlá kò dín: sẹ́dà wà, péálì wà, àwòrán ọba kékeré wà lára ẹ̀gbà ọwọ́ ayaba. Ṣùgbọ́n àárẹ̀ hàn lójú rẹ̀, kò sì dé nǹkan kan sórí. Ọba kò fẹ́ràn orí tí kò bò. Ààfin kò ra àwòrán náà, ọ̀dọ̀ Lawrence ló wà títí tó fi kú ní 1830. National Gallery ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ló ni ín báyìí.

Ẹnìkan lè sọ pé àárẹ̀ ìjókòó lásán ni Lawrence yà, kì í ṣe ọkàn. Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ àárẹ̀ pàápàá wà lára ohun tí ààfin kì í sanwó fún, orí tí kò bò sì ni ẹ̀sùn tó rọrùn jù láti fẹnu sọ.