Henry Carr: Láti Ọ́fíìsì Ìjọba sí Díósíìsì Èkó

Ní Freetown ní Sierra Leone, ìlú tí àwọn tí ó bọ́ lóko ẹrú tẹ̀dó sí, CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere Ìjọ Áńgílíkà, ni ó dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay sílẹ̀ ní 1827. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ Sàró, ìyẹn àwọn ìdílé tí ó padà sí Èkó láti Freetown, ti gba ìmọ̀ tí ó sọ wọ́n di òṣìṣẹ́ ìjọba àti òpó ìjọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Kò sí ẹni tí ìtàn rẹ̀ fi èyí hàn kedere tó ti Henry Rawlinson Carr, ọmọ Sàró tí a bí ní Èkó ní 1863. Ó gboyè ní Fourah Bay ní 1882, ó ṣe olùkọ́ ní CMS Grammar School, ó sì wọṣẹ́ ìjọba ní 1889 gẹ́gẹ́ bí olórí akọ̀wé àti igbákejì alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́. Láti 1918 sí 1924 ni ó fi jẹ́ Résídẹ́ǹtì Èkó, ìyẹn aṣojú ìjọba tí ìṣàkóso ìlú náà wà níkàáwọ́ rẹ̀, ipò tí ó ṣọ̀wọ́n fún adúláwọ̀ láyé ìgbà náà. Ipò yìí ni ó mú un kọlu Herbert Macaulay, olóṣèlú Èkó tí ó ń tako ìjọba amúnisìn, nítorí pé nígbà tí ìjọba fawọ́ sẹ́yìn lẹ́yìn Eléèkó Èṣùgbàyí, ọba Èkó, ní 1920, Carr ni ará ìlú rí gẹ́gẹ́ bí ojú ìjọba náà, Macaulay sì tẹ ìwé pélébé kan jáde ní 1924 láti fi béèrè pé kí ó kúrò. Ẹ̀sùn náà wúwo, kò sì yẹ kí a fojú kéré rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó ń ṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì kò lè ṣàìjẹ nínú ìbínú àwọn tí ọba náà ń ṣàkóso lé lórí.

Ìjọ Áńgílíkà rí ohun mìíràn nínú Carr. Nígbà tí a dá Díósíìsì Èkó sílẹ̀ ní 1919, tí Melville Jones sì di bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀, a nílò ẹni tí ó mọ òfin àti àkọsílẹ̀, nítorí pé inú Sínọ́ọ̀dù, ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù, àlùfáà àti aṣojú ọmọ ìjọ, ni a ti ń ṣe òfin ìjọ. Carr jẹ́ Ṣáńsẹ́lọ̀ díósíìsì náà, ìyẹn ọmọ ìjọ tí kì í ṣe àlùfáà ṣùgbọ́n tí ń gba bíṣọ́ọ̀bù nímọ̀ràn lórí òfin, iṣẹ́ tí ó bá ìgbésí ayé tí ó ti kọ́kọ́ gbé mu pátápátá.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1945, ìjọba ra ìwé rẹ̀ tí ó tó nǹkan bí 18,000, wọ́n sì di ìpìlẹ̀ ilé ìkàwé Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn.