Ògiri kọ́ ni ààlà: ohun tó yẹ ká mọ̀ nípa ilẹ̀ nígbà tí a bá ra ilé tuntun

Ní àwọn ìlú wa, láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) títí dé Pọ́bẹ̀, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń kọ́ ilé fúnra rẹ̀ mọ́. Àwọn mìíràn ń ra ilé tí wọ́n ti kọ́ parí. Wọ́n ti kùn ún ní ọ̀dà, wọ́n ti mọ ògiri yí i ká, géètì ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Olùrà á sanwó, á gba kọ́kọ́rọ́, á kó ẹrù wọlé. Nígbà tó bá yá, aládùúgbò á wá kan ilẹ̀kùn: « Ẹ jọ̀ọ́, ògiri yín ti wọ inú ilẹ̀ mi o. » Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí a fẹ́ sọ yìí, ẹ má gbàgbé èyí: ògiri kọ́ ni ààlà.

Kí ni ààlà gan-an?

Láyé àwọn bàbá wa, igi ni wọ́n fi ń pààlà, pàápàá pèrègún, nítorí pé pèrègún kì í tètè kú. Ẹ gé e lónìí, á tún rú. Àwọn àgbà ìdílé méjèèjì á dúró níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gbìn ín, àwọn ọmọ náà á sì rí i.

Lónìí, ohun méjì ló ń sọ ibi tí ilẹ̀ mọ. Àkọ́kọ́ ni « borne », òpó sìmẹ́ńtì kékeré tí wọ́n ń rì mọ́ igun kọ̀ọ̀kan. Èkejì ni ìwé tí géomètre, ìyẹn awọnlẹ̀, yà: « levé topographique ». Lórí ìwé yìí ẹ máa rí B1, B2, B3, B4, tí í ṣe orúkọ àwọn igun ilẹ̀ náà. Ẹ máa rí nọ́mbà X àti Y igun kọ̀ọ̀kan, gígùn ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, bí ilẹ̀ náà ṣe fẹ̀ tó, àti orúkọ àwọn tó bá a pààlà. Bí òpó bá sọnù, nọ́mbà X àti Y ni awọnlẹ̀ á fi wá ojú ibẹ̀ padà.

Kí ló ń fa ìdàrúdàpọ̀?

Ẹ jẹ́ ká mú ilẹ̀ tó jẹ́ mítà 20 lọ́nà 25, ìyẹn 500 m², irú èyí tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí ògiri bá yà ní mítà kan péré ní ẹ̀gbẹ́ tó gùn, 25 m² ti lọ, ìdá kan nínú ogún ilẹ̀ náà. Bí mílíọ̀nù márùn-ún faransi bá ni owó ilẹ̀ náà, 250 000 faransi ló wà lábẹ́ ògiri yẹn. Ọ̀nà mẹ́rin ló sábà máa ń gbà ṣẹlẹ̀:

1. Bírísílà fi okùn wọn ilẹ̀ láti ara ògiri aládùúgbò, kò wá borne. Bí ògiri àkọ́kọ́ bá ti yà, gbogbo èyí tó tẹ̀lé e ní ojú títì náà á yà.

2. Borne ti sọnù. Katakátá ti gbá a, yanrìn ti bò ó, tàbí ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ hú u. Ẹ̀ṣẹ̀ ni híhú borne lábẹ́ òfin.

3. Wọ́n ti ṣe « lotissement ». Nígbà tí wọ́n bá ń pín ilẹ̀ tí wọ́n sì ń la títì, wọ́n máa ń gé díẹ̀ lára ilẹ̀ olúkúlùkù, wọ́n sì lè sún onílẹ̀ sí ibòmíràn. Èyí ni à ń pè ní « recasement ». Bí olùtà bá fi ìwé tó ṣáájú lotissement ta ilé fún yín, ìwé náà lè máa sọ nípa ilẹ̀ mìíràn.

4. Olùtà ní ilẹ̀ ńlá kan, ó kọ́ ilé mẹ́ta sí i, ó tà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò tíì gé ìwé ilẹ̀ náà sí mẹ́ta. Ilé yín dá dúró lójú, kò dá dúró nínú ìwé.

Ìwé wo ló wà lọ́wọ́ yín?

Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, òfin tó ń ṣàkóso ilẹ̀ ni « Code foncier et domanial », òfin nọ́mbà 2013-01 ti ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2013, tí wọ́n tún ṣe ní 2017. Gẹ́gẹ́ bí òfin yìí, « titre foncier » ni ìwé tó fi hàn pé ẹ ni ilẹ̀. ANDF ni ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó o.

« Attestation de détention coutumière », « attestation de recasement » àti ìwé owó orí ilẹ̀ wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ó jọ pé ẹ̀yin lẹ ni ilẹ̀. Wọn kì í ṣe titre foncier. « Convention de vente » ní tirẹ̀ ń sọ ẹni tó tà àti ẹni tó rà. Òun nìkan kò lè fi ibi tí ilẹ̀ mọ hàn yín.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ gba ìwé levé lọ́wọ́ olùtà, kí ẹ sì mú géomètre-expert tiyín lọ síbẹ̀, kì í ṣe ti olùtà. Kí ó fi ẹsẹ̀ yín kan borne mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ wo bóyá ògiri, sókàwéè àti etí òrùlé wà nínú ààlà, nítorí pé òrùlé tó ń da omi sí ọgbà ẹlòmíràn náà ń dá ìjà sílẹ̀. Ẹ kí àwọn aládùúgbò, ẹ bi wọ́n léèrè. Ẹ béèrè lọ́wọ́ mairie àti ANDF bóyá ẹjọ́ kan wà lórí ilẹ̀ náà. Bí ó bá ní titre foncier, ẹ jẹ́ kí notaire ṣe ìwé títà náà.

Ẹ má fi fóònù wọn ààlà o. GPS inú fóònù lè fi mítà mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣì ọ̀nà. Èyí tó fi máa ṣì yẹn ju gbogbo ohun tí ẹ ń jà lé lórí lọ.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti ṣẹlẹ̀

Ẹ má wó ògiri, ẹ má sì kọ́ kún un. Ẹ fi àdá sílẹ̀. Ẹ jókòó pẹ̀lú aládùúgbò, kí olúkúlùkù mú ìwé tirẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ pe géomètre-expert kó wá ṣe « bornage contradictoire ». Kí ọ̀rọ̀ « contradictoire » má dẹ́rù bà yín: kò túmọ̀ sí ìjà. Ohun tó ń sọ ni pé ẹ̀yin méjèèjì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa wọnlẹ̀ lẹ́yìn ẹnìkejì. Bí ẹ bá gbà, ẹ máa fọwọ́ sí « procès-verbal ». Ẹ tọ́jú rẹ̀ bí ẹ ṣe ń tọ́jú titre foncier.

Bí ògiri bá ti wọ ilẹ̀ aládùúgbò lóòótọ́, ẹ lè sún un padà, tàbí kí ẹ ra ibi tó wọ̀ náà. Tí ẹ bá rà á, ẹ tún ìwé méjèèjì ṣe. Bí ẹ bá fi ẹnu lásán parí rẹ̀, àwọn ọmọ yín ló máa tún ìjà náà jà. Ẹ pe olùtà pẹ̀lú: ẹni tó ta ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ ní láti dáhùn fún olùrà.

Bí ẹ kò bá gbà, olórí abúlé àti « section villageoise de gestion foncière » lè bá yín làjà. Bí ìlàjà bá kùnà, ilé ẹjọ́ ló kù, ibẹ̀ sì ń jẹ owó, ó sì ń jẹ ọjọ́.

Fún àwọn ará wa ní Togo, òfin tiwọn ni « Code foncier et domanial » nọ́mbà 2018-005 ti ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2018. Orúkọ ilé iṣẹ́ wọn lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn náà ò yí padà: ẹ wá borne, ẹ ka ìwé, ẹ pe awọnlẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá rí borne mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ mú àwọn ọmọ yín dání. Ẹ fi hàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì gbin pèrègún sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nínú ilẹ̀ tiyín.